Ímeèlì Ìdánwò Kan Tó Dé Ọ̀dọ̀ Ènìyàn 840,000

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, òṣìṣẹ́ kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ímeèlì ìdánwò kan ránṣẹ́ láti gúúsù Lọ́ńdọ́nù. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n jọ wà lágbègbè kan náà ló ní lọ́kàn. Kò sí ọ̀rọ̀ gidi kan nínú ímeèlì náà. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àkójọ àdírẹ́sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣètò ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ ni. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ní àdírẹ́sì lórí NHSmail, ètò ímeèlì tí àwọn òṣìṣẹ́ NHS ń lò, ni ímeèlì ọ̀hún lọ bá, àwọn bí 840,000. Dókítà rí i gbà, nọ́ọ̀sì rí i gbà, ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò rí i gbà, akọ̀wé tó ń sọ ọjọ́ tí aláìsàn yóò rí dókítà náà rí tiẹ̀ gbà.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ, kò sí ẹni tí ì bá rántí rẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá rí i yóò wò ó, yóò pa á rẹ́, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú 75, ímeèlì tó lé ní mílíọ̀nù 500 ló gba orí ẹ̀rọ náà kọjá, gẹ́gẹ́ bí NHS Digital, àjọ tí ètò náà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ṣe wá ṣàlàyé. Lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà, mílíọ̀nù 3 sí mílíọ̀nù 5 ni ẹ̀rọ yẹn ń gbé láàárọ̀ dalẹ́. Ímeèlì kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ yẹn kọ. Àwọn tó gbà á ló kọ ìyókù.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ ni àwọn ènìyàn máa ń nàka sí bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Ó dùn mí, nítorí kò tọ́ sí i. NHS Digital fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé àléébù kan ló wà nínú ètò tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà ń lò. Oríṣi àkójọ àdírẹ́sì méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí ènìyàn jókòó kọ orúkọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni èyí tí wọn kì í kọ orúkọ sí rárá: ìlànà ni wọ́n máa ń fún kọ̀ǹpútà, pé kó mú gbogbo àwọn tó bá wà ní ẹ̀ka báyìí báyìí, kọ̀ǹpútà yóò sì lọ ṣa orúkọ wọn jọ nígbà tí ímeèlì bá fẹ́ jáde. Èkejì yìí ni òṣìṣẹ́ náà ṣe. Ó ní kí ẹ̀rọ mú kìkì àwọn tó wà lábẹ́ ọ́fíìsì tirẹ̀, ẹ̀rọ ka gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Ẹni tó dán nǹkan wò kó tó lò ó fún ọ̀rọ̀ pàtàkì ti ṣe ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣe.

Ìwà àwọn tó dáhùn ló yẹ ká tẹjú mọ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún gbogbo ẹni tó bá ń kọ ímeèlì sí àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níwájú ẹni tó gba ímeèlì náà. Lókè pátápátá, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ ló wà. Lábẹ́ rẹ̀, níwájú «To», orúkọ kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn orúkọ àkójọ náà. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tó ń sọ pé ènìyàn 840,000 ló wà lẹ́yìn orúkọ kan yẹn. Bọ́tìnnì Reply, tó ń dá ẹni tó kọ ímeèlì nìkan lóhùn, wà níbẹ̀, Reply All, tó ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí ímeèlì náà lọ bá, sì fẹ̀gbẹ́ kàn án. Ẹni náà wo ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, ó rò ó pé wọ́n ṣèèṣì fi orúkọ òun kún un ni, ó wá kọ gbólóhùn kúkúrú kan: «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbí.» Ó tẹ Reply All. Lójú tirẹ̀, ẹnì kan ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ pé gbohùngbohùn wà lẹ́nu òun ni.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìdáhùn kan di ímeèlì 840,000. Ìdáhùn mẹ́wàá péré di 8,400,000, ìyẹn sì ti ju ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbé ní odidi ọjọ́ kan lọ. Bẹ́ẹ̀, nínú àwùjọ tó tóbi tó báyẹn, bí ẹnì kan nínú 84,000 bá dáhùn, mẹ́wàá ti pé nìyẹn. Kò pọn dandan kí ènìyàn púpọ̀ ṣi ọwọ́ ṣe. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó.

Kí ló dé tí ọwọ́ ń yá ènìyàn bẹ́ẹ̀ láti tẹ Reply All? Mi ò rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n, mi ò sì fara mọ́ ẹni tó bá ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nínú ọ́fíìsì, láàárín ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jọ ń bá iṣẹ́ kan bọ̀, Reply All ni ìwà ọmọlúàbí. Bí ẹ bá dá ẹnì kan lóhùn tí ẹ sì yọ àwọn yòókù sílẹ̀, wọ́n lè sọ pé ẹ ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún àwọn. Ọ̀gá yóò bínú pé òun kò gbọ́ sí i. Nítorí náà ọwọ́ ti mọ́ ọn lára. Àṣà tó dára láàárín ènìyàn márùn-ún náà ló di ìjàngbọ̀n nígbà tí àwùjọ di 840,000. Ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀, kó tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ni pé: àwọn wo ló wà níbí, mélòó sì ni wọ́n? Bí kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀, Reply lásán ni kó tẹ̀.

Oríṣi àwọn tó máa ń dáhùn nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí pọ̀. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n yọ àwọn kúrò. Àwọn kan ń béèrè ìdí tí ímeèlì náà fi dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí kò le láti lóye. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù ni àwọn tó ń bá àwọn yòókù wí: «Ẹ yéé fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn!» Gbogbo ènìyàn náà ni wọ́n sì ń fi ìyẹn ránṣẹ́ sí. Nígbà mìíràn lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, èyí tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí ímeèlì mọ̀ sí ariwo pípa. Ohun tí wọ́n sọ tọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ ni kò dára. Ẹni tó dá ẹlòmíràn lẹ́kun ní gbangba báyẹn ti fi 840,000 kún ẹrù tó ń pa ẹ̀rọ lára. Ó sì tún fún ẹni tó bá wí ní ìdí láti fèsì, nítorí ẹni tí wọ́n kàn lábùkù níwájú èrò kì í fẹ́ dákẹ́. Nínú gbogbo ìdáhùn tó lè jáde nínú irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, èyí ni mo kà sí èyí tó burú jù, nítorí ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń lọ, ó sì tún ṣe é.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò kà sí. Bí ẹrù bá ti pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ, ímeèlì a máa tò sórí ìlà, a sì máa pẹ́ kó tó dé. Ìkìlọ̀ tí ẹnì kan kọ ní aago mẹ́sàn-án lè má dé ojú ẹlòmíràn títí aago mẹ́sàn-án yóò fi kọjá dáadáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́, tó ṣí ímeèlì rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn láti orí èyí tó kọ́kọ́ dé, yóò ti fèsì kó tó kàn án pé wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fèsì mọ́. Ìdí nìyí tó fi dára kí ènìyàn ka gbogbo ohun tó ti wọlé tán kó tó dá ẹyọ kan lóhùn.

Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, àwọn tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì gbé ìwé kan jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ RFC 1855, tó dá lórí ìwà tó yẹ lórí ẹ̀rọ. Ó wà nínú rẹ̀ pé kí ènìyàn kọ́kọ́ wo àkọlé gbogbo ímeèlì rẹ̀ kó tó dá ọ̀kan lóhùn, nítorí ẹni tó béèrè ìrànlọ́wọ́ lè ti kọ òmíràn láti sọ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ó wà nínú rẹ̀ pé kí ènìyàn rí i dájú pé òun gan-an ni wọ́n kọ ímeèlì sí, kì í ṣe pé wọ́n kàn fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí i. Ó ní bí inú bá ń bí ọ, fi ìdáhùn rẹ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó tún ní ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ òun kúrò nínú àkójọ, àdírẹ́sì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìyẹn ni kó kọ̀wé sí, kó má kọ ọ́ sí àárín àwọn ènìyàn, kó sì tọ́jú ímeèlì tí wọ́n fi kí i káàbọ̀, nítorí inú ibẹ̀ ni ọ̀nà àbájáde sábà máa ń wà. Ọdún 21 lẹ́yìn tí wọ́n kọ èyí ni ọ̀rọ̀ NHS ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ímeèlì gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, ní ilé-iṣẹ́ Microsoft, òṣìṣẹ́ kan rí i pé orúkọ òun wà nínú àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní Bedlam DL3, tí ènìyàn bí 13,000 wà nínú rẹ̀. Ó kọ̀wé sí gbogbo wọn pé kí wọ́n yọ òun. Àwọn mìíràn fèsì pé «èmi náà». Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí ariwo dúró. Ímeèlì tó jáde níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 15, ó sì gba ọjọ́ méjì kí ẹ̀rọ wọn tó padà bọ̀ sípò. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kọ ètò tó ń gbé ímeèlì fún gbogbo ayé ni wọ̀nyí, wọ́n sì ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ilé ìwòsàn ṣe ní ọdún 19 lẹ́yìn náà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ́ ló ń kọ́ ènìyàn ní ìwà yìí.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè fi ọ̀rọ̀ NHS rẹ́rìn-ín ni irú iṣẹ́ tí àwọn tó ń lò ó ń ṣe. Orí NHSmail ni dókítà ń gbà kọ̀wé sí dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa aláìsàn, nítorí a ṣe ẹ̀rọ náà kí ọ̀rọ̀ àṣírí lè wà láàbò lórí rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn ímeèlì ń falẹ̀, èyí tó kan aláìsàn sì ń tò lẹ́yìn «ẹ yọ orúkọ mi». Àwọn aláṣẹ yára pa àkójọ náà kí ẹnikẹ́ni má lè fèsì sí i mọ́, nǹkan sì padà bọ̀ sípò. Pípa tí wọ́n pa á ló ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Kò sí ìkan nínú àwọn ìbáwí tí àwọn ènìyàn kọ tó ṣe é.

Báwo ni ẹni tó gba irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ kó ṣe? Kó má ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, pàápàá bí ímeèlì bá ń dà wọlé tí fóònù ń dún léraléra. Ṣùgbọ́n Gmail ní ibi tí a ti lè ní kí ọ̀rọ̀ kan má pariwo mọ́, Mute ni wọ́n ń pè é. Outlook ní Ignore, tó máa ń kó gbogbo ohun tó bá tún wọlé lórí ọ̀rọ̀ yẹn dànù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí ẹ bá rò pé ẹni tó fi ránṣẹ́ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí ímeèlì tuntun, ẹ fi ọwọ́ yín kọ àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan síwájú «To», kí ẹ sọ fún un jẹ́jẹ́. Tàbí kí ẹ fi fóònù pe àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ yín. Ohùn lórí fóònù kò lè ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ 840,000.

Ní ti ẹni tó fẹ́ kéde nǹkan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sì fẹ́ kí wọ́n jíròrò lé e lórí, Bcc, ìlà kan tó wà nítòsí «To» níbi tí a ti ń kọ àdírẹ́sì, ni ọ̀nà. Ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá wà níbẹ̀ kì í rí àdírẹ́sì àwọn yòókù, bó bá sì tẹ Reply All, ìdáhùn rẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìlú Lọ́ńdọ́nù kan náà ti rí ohun tí àìlò ó ń fà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ilé ìwòsàn kan tó ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV fi ìwé ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn 781, wọ́n sì kó gbogbo àdírẹ́sì sí «To». Orúkọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn hàn fún gbogbo àwọn yòókù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àjọ tó ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú bu owó ìtanràn £180,000 lé àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn náà lórí. Owó ni wọ́n lè san. Àṣírí tó ti tú, ẹnikẹ́ni ò lè kó o padà.

Láàárín àwùjọ tó ń jíròrò dáadáa náà, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ wà níbẹ̀, ìlànà kan náà ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kan ẹnì kan, bí «ẹ ṣeun» tàbí «ẹ kú oríire», ẹni náà nìkan ni ká kọ ọ́ sí. Bí a bá ń fèsì, ká gé gbólóhùn tí a ń dáhùn nìkan sókè, ká yọ ìyókù kúrò, kí ẹni tó ń kà á lórí fóònù má baà máa yí ojú ewé títí kó tó rí ohun tí a sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yà sí ibòmíràn, ká yí àkọlé padà. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá sì wà nílẹ̀, ká ṣí ímeèlì tuntun, ká má fa ti àtijọ́ yọ láti fi dáhùn, nítorí gbogbo ìdáhùn ló ń gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ímeèlì tó ń dáhùn sínú, tí ojú lásán kò rí, èyí ni ètò ímeèlì sì fi ń to ọ̀rọ̀ jọ. Ẹ lè pa àkọlé rẹ́ kí ẹ kọ òmíràn, nínú ọ̀pọ̀ ètò ímeèlì ọ̀rọ̀ tuntun yín yóò ṣì lọ wọlé sábẹ́ ti ọjọ́sí, ẹni tó yẹ kó rí i kò sì ní rí i.

Ẹ̀rọ ti ń gbìyànjú láti gbà wá lọ́wọ́ ara wa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Microsoft gbé ètò ààbò kan jáde: bí ìdáhùn Reply All mẹ́wàá bá jáde láàárín wákàtí kan lórí ọ̀rọ̀ tó lọ sọ́dọ̀ ènìyàn tó ju 5,000 lọ, ẹ̀rọ yóò dí ọ̀nà fún ìdáhùn mìíràn fún wákàtí mẹ́rin. Ó wúlò. Àmọ́ ìdáhùn mẹ́wàá àkọ́kọ́ yóò ti kọjá, ètò yẹn kò sì ní ṣe nǹkan kan fún àwùjọ ènìyàn 200 tí ẹnì kan ń fi «ẹ ṣeun» dí lójú lójoojúmọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ àforíjì. RFC 1855 ní bí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ẹnì kan bá ṣèèṣì bọ́ sáàárín èrò, kí ẹni tó kọ ọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni náà àti lọ́wọ́ èrò. Mo fara mọ́ ọn fún àwùjọ kékeré. Nígbà tí ìdáhùn bá ń ya wọlé bíi ti ọjọ́ yẹn, àforíjì tí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn yóò di 840,000 mìíràn, àwọn kan yóò sì fèsì sí i pé «kò tọ́pẹ́», ní gbangba. Àwọn aláṣẹ ni ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa àkójọ náà, nínú ìkéde kúkúrú kan ṣoṣo láti àdírẹ́sì tí kò gba ìdáhùn. Kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sọ pé ó ti tán, kí wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, nítorí orúkọ òṣìṣẹ́ tó fi ímeèlì ìdánwò ránṣẹ́ ti wà lójú gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ náà, láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn tó tẹ Reply All ńkọ́? Kí oníkálukú wọn kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ náà nìkan, kí wọ́n ní kó má bínú.